Orúkọ Tí Mo Fi Dí Àyè

Kò sí àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà lè kà sí mi lọ́rùn tí n kò ní pa á lẹ́nu mọ́ kí tíì mi tó tutù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí a fi ṣe ọ́fíìsì ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí náà ni Tẹ́júọlá tí àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin tó wá tún fáànù ṣe, àti fáànù náà. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé tíì tí mo bù ní aago mẹ́sàn-án ṣì ń yọ èéfín ní aago kan ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá tíì jà pé ó gbóná?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run fi kóòdù dán wò. Ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà ní Ailegun ló ní kí a bá àwọn ṣe púrógíráàmù tí yóò máa tọ́jú orúkọ gbogbo ìdílé inú ìjọ. Orí lápútọ́ọ̀pù mi ni púrógíráàmù náà ń gbé. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a máa ń kọ ohun tí à ń pè ní kíláàsì. Kíláàsì dà bíi fọ́ọ̀mù òfìfo. Èyí tó ń jẹ́ Ìdílé ní àyè fún bàbá, àyè fún ìyá, àyè fún àkọ́bí. Èyí tó ń jẹ́ Ọmọ ní àyè mẹ́ta péré: orúkọ, ọjọ́ orí, àti ẹgbẹ́ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àyè tí o kò bá ti kéde, kò sí. O kò lè déédéé dé fìlà fún ẹni tí o kò kéde orí fún.

A sì ní irinṣẹ́ kan tó ń ka kóòdù kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, tó ń tọ́ka sí gbogbo àyè tí kò bá ìlérí rẹ̀ mu. Ìyá Ọkọ ni èmi àti Tẹ́júọlá ń pè é, nítorí kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti sọ fún ọ pé iyọ̀ kò tó. Èmi tí mo jẹ́ ọkùnrin, tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta láì gbéyàwó, òun nìkan ni ìyá ọkọ tí mo ní láyé.

Àṣìṣe mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Ìyá Ọkọ kó wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyè tí a kò sọ irú ohun tí yóò máa wọ inú rẹ̀, mo sọ ọ́. Àyè tí a kéde tí ẹnikẹ́ni kò lò, mo yọ ọ́ dànù. Ibẹ̀ ni mo ti yọ àyè "ohùn", èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ní dandan kí a fi síbẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń lò ó nínú wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ku ẹyọ kan:

Ìdílé, ìlà kọkàndínlógún: àyè àkọ́bí ṣèlérí ọmọ, ṣùgbọ́n ó lè ṣófo.

"Ìdílé mẹ́rin ni kò lọ́mọ nínú ìjọ," Tẹ́júọlá wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè náà lè ṣófo. Ká wá máa bèèrè níbi gbogbo tí a ti ń kà á pé, ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

"Ibi mélòó la ti ń kà á?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Tíì mi wá ńkọ́?"

Mo tẹ orúkọ kan síbẹ̀. Ìlérí ló ń bèèrè, mo bá fún un ní Ìléríolúwa. Ọjọ́ orí: méje, nítorí ibi tí a ti ń pín ẹ̀bùn ìkórè àwọn ọmọdé kò gba òfo. Ẹgbẹ́: Ìràwọ̀ Òwúrọ̀. Nítorí pé ọ̀lẹ tó mọṣẹ́ ni mí, n kò kọ ọ́ nígbà mẹ́rin. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lókè pátápátá, níbi tí gbogbo ìdílé tí àyè wọn ṣófo yóò ti jọ máa lo ọmọ kan náà.

Tẹ́júọlá wò mí. "Ẹ fi orúkọ ènìyàn dí ihò."

"Ṣé ihò dí àbí kò dí?"

Ìyá Ọkọ ka kóòdù náà. Ó ní: Kò sí àṣìṣe. Mo gbé tíì mi, mo mu ún. Ó bó mi lẹ́nu.

Àwọn ìdílé mẹ́rin náà rèé. Èmi fúnra mi. Tọkọtaya kan tó ṣègbéyàwó ní Àjíǹde. Àǹtí Lará, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kẹrin ni akọ̀wé ìjọ wa, Sístà Morọ́lá, olùkọ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá fún wa. Ọdún kọkànlá rèé tí òun àti ọkọ rẹ̀, Ọlátúbọ̀sún, ti ń retí ọmọ. Mo mọ̀. Gbogbo ìjọ mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn n kò rántí, torí ẹni tó ń bá tíì sáré kì í rántí ènìyàn.

Ní ọjọ́bọ̀, púrógíráàmù náà tẹ káàdì ìkórè fún gbogbo ìdílé, wọ́n sì pín in. Káàdì tèmi kà báyìí: Ìdílé Adéyanjú. Àkọ́bí: Ìléríolúwa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mẹ́ta ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kí mi kú oríire ọmọ tí mo fi pamọ́ síta. Àǹtí Lará, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, gba tirẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọlọ́run Sárà kò kú," ó sì fi í sínú báàgì. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Sístà Morọ́lá kàn fi tirẹ̀ sáàárín Bíbélì rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Abórìṣàdé, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, pè mí síta.

"Yanjú, púrógíráàmù rẹ yìí ò kéré o. Ó ní ọmọ mẹ́tàlélógójì la ní. Mẹ́tàlélógójì ló sì wá lónìí, géérégé."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé méjìlélógójì ló jẹ́ ènìyàn nínú wọn. Mo wò ó pé bàbá ti dàgbà, ojú ti ń ṣe wọ́n. Mo wọlé lọ kà wọ́n fúnra mi. Mo kà wọ́n láti iwájú, mo kà wọ́n láti ẹ̀yìn. Mẹ́tàlélógójì.

Ní ìparí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọdébìnrin kan jókòó tó wọ gáùnù funfun tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò ní ìránpọ̀ kankan. Kò wọ bàtà. Irun rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀, a kò dì í, a kò gé e. Kò sì sẹ́ni tó bèèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, igba ojú náà pé pérépéré. Kò sẹ́ni tó bèèrè ojú kan yẹn. Olúkúlùkù rò pé ọmọ ẹni tó jókòó tì òun ni. Wọ́n fún un ní bisikíìtì. Wọ́n ní kó jókòó dáadáa.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Ìléríolúwa."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Méje."

"Ẹgbẹ́ wo lo wà?"

"Ìràwọ̀ Òwúrọ̀."

"Níbo lẹ ń gbé?"

Ó wò mí. Kì í ṣe bí ọmọ tó ń tijú. Bí ẹni tó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, tó fọwọ́ wá inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, tí kò bá nǹkan kan.

"Ta ni bàbá ẹ?"

Ó tún wo inú dúrọ́ọ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti mú sórí símẹ́ńtì àgbàlá. Àwọn ọmọ ń sáré, òjìji wọn ń sáré tẹ̀lé wọn. Mo ka ọmọ. Mo ka òjìji. Mo lọ sílé láì dúró gba oore-ọ̀fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ní kí Ìyá Ọkọ tún kóòdù náà kà. N kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní:

Ọmọ, ìlà kejìléláàádọ́fà: a ń wá àyè bàtà. A kò kéde rẹ̀.

Mo ṣí fáìlì Ọmọ. Ogún ìlà péré ló wà níbẹ̀. Mo wá "bàtà" nínú gbogbo kóòdù náà láti òkè délẹ̀. Kò sí.

Ẹ̀san ni mo kọ́kọ́ rò. Èmi gan-an ni mo ṣètò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé ẹni tí fóònù rẹ̀ bá dún nínú ìsìn yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé ìjọ dúpẹ́ bó ṣe fínnú-fíndọ̀ gbà láti máa fọ ilé ìyàgbẹ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló fọ̀ ọ́, títí kan díákónì kan, Tẹ́júọlá sì wà nínú wọn. Mo yíjú sí Tẹ́júọlá.

"O ti gbẹ̀san. Mo gbà. Yọ ọ́ kúrò."

"Ẹ̀san kí ni?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ka fáìlì náà. Ó tún un kà. "Ẹ̀gbọ́n, ìlà yẹn ò sí."

"Mo mọ̀."

"Ta wá ló ń wá bàtà láti ìlà tí ò sí?"

Ó rọra gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára.

Mo kéde àyè bàtà. Mo fi ìwọ̀n mọ́kàndínlọ́gbọ̀n síbẹ̀, mo kàn méfò ni. Kò sí àṣìṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, àwọn ọmọ ń kọ́ orin ìkórè ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yà síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé agboòrùn. Ìléríolúwa wọ bàtà aláwọ̀ búráùn, ó bá a lẹ́sẹ̀ mu régé. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí, láàárín ẹsẹ̀ Sístà Morọ́lá, tí ń bá a dirun.

"Ẹ wo orí ọmọ ọlọ́mọ, Bùrọ́dá Yanjú," Sístà Morọ́lá wí. "Èwo nínú àwọn ìyá yìí ni kò ráyè dirun fọ́mọ ẹ̀?"

Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó di ìlà kìíní, ó di ìkejì. Nígbà tó fi máa dé ìkẹfà, ìlà kìíní ti tú. Kì í ṣe pé ó ń tú. Ó ti tú, bí ẹni pé a kò dì í rí. Sístà Morọ́lá wò ó. Kò pariwo, kò pe Jésù. Ó fi ìyarun ya á padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Mo dúró ti ògiri fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ìgbà mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ padà. Ọmọ náà kò mira. Mo rántí pé mo gbójú lé irun yẹn ju bó ti yẹ lọ, torí n kò fẹ́ wo ilẹ̀ tí òjìji kò sí.

Ọjọ́bọ̀: a ń wá àyè irun. Mo kéde rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì: a ń wá àyè òjìji. Mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kéde rẹ̀.

Wàyí o, ìkórè àwọn ọmọdé ni lọ́jọ́ Àìkú. Bí a ti ń ṣe é ní ìjọ wa ni pé Bàbá Abórìṣàdé yóò máa pe àkọ́bí ìdílé kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé tí púrógíráàmù tẹ̀ jáde, bàbá àti ìyá yóò sì mú ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ síwájú pẹpẹ. Ìdílé mẹ́rin ló máa dìde fún ọmọ kan. Èmi, àpọ́n. Àǹtí Lará. Tọkọtaya oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ọmọ ọdún méje. Àti Sístà Morọ́lá, níwájú gbogbo ìjọ, kí wọ́n pe orúkọ ọmọ tí kò bí, nítorí pé Yanjú fẹ́ mu tíì.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò," Tẹ́júọlá wí láàárọ̀ Sátidé. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ló ti sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ ká ti ṣe é láti Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

A ṣe é. A kọ ọ́ pé àyè àkọ́bí lè ṣófo. A lọ sí ibi mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a bèèrè níbẹ̀: ṣé ẹnì kan wà? Ó gbà wá ní wákàtí méjì. Ó wá ku orúkọ náà nìkan, lókè fáìlì. Mo ti fi ìka lé bọ́tìnnì tí yóò pa á rẹ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Sístà Morọ́lá ni. Ó mú Bíbélì dání, káàdì ìkórè sì wà láàárín rẹ̀. Mo dìde. Mo ti ní ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Sístà, ẹ dákun, àwàdà burúkú—"

"Ta ló sọ orúkọ yìí fún yín?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó sùn lọ.

"Kò sẹ́nì kan. Mo kàn fi sẹ́nu ni."

Ó ṣí Bíbélì náà sẹ́yìn Ìfihàn, sí ojú ewé òfìfo tó gbẹ̀yìn. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bírò aláwọ̀ búlúù tó ti ń ṣá. Ìléríolúwa. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ tó kọ ọ́. Ó pé ọdún méje lóṣù yẹn.

"Mo ní bí Ọlọ́run bá fún mi, ohun tí mo máa sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlátúbọ̀sún gan-an ò mọ̀." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ìka mi. "Ṣé ẹ fẹ́ pa á rẹ́ ni?"

Fáànù dúró. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni o.

"Ẹ̀gbọ́n," Tẹ́júọlá wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ wo ìsàlẹ̀."

N kò tíì ní kí Ìyá Ọkọ ka nǹkan kan. Ó ti kà á.

Ọmọ, ìlà kejìléláàádọ́fà: a ń wá àyè ìyá. A kò kéde rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, àwàdà kò tíì wọ́n mi. Mo wá a kiri ẹnu mi lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí n kò rí i, mo gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo gbé orúkọ náà kúrò lókè, níbi tí ilé mẹ́rin ti ń pín in, mo fi í sí ìdílé kan ṣoṣo. Mo kéde àyè ìyá. Mo kọ Morọ́lá síbẹ̀. N kò gé ọ̀nà kúrú níbì kankan.

Kò sí àṣìṣe.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Ìléríolúwa. Ó dìde pẹ̀lú bàtà rẹ̀, irun rẹ̀ dì gbágbágbá, òjìji rẹ̀ gùn sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ. Ọlátúbọ̀sún mú un lọ́wọ́ ọ̀tún, Sístà Morọ́lá mú un lọ́wọ́ òsì. Mo ń retí ariwo. Ohun tí mo gbọ́ létí mi ni ohùn Bàbá Abórìṣàdé, tó ń pe orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jókòó sí.

"Ọmọ yìí ti dàgbà, àbí? Mo rántí ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ bí àná. Ìrẹsì jóná lọ́jọ́ náà."

Mo yíjú sí Tẹ́júọlá.

"Kí lẹ ń wò mí fún, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé kúlà ìrẹsì yẹn ni?"

Nígbà tí ìsìn parí, mo bi Sístà Morọ́lá nípa ewé tó gbẹ̀yìn Bíbélì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bùrọ́dá Yanjú tún ti dé. Ọmọ náà kí mi, ó kúnlẹ̀. Ó wò mí pẹ́ díẹ̀ ju bí ọmọ ti ń wo àgbà lọ. Òun àti èmi nìkan ló mọ̀. Àti Ìyá Ọkọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ra ṣájà ní ọjà Bọ́ládé. Wọ́n múná lọ ní Ìsọlọ̀, bátìrì lápútọ́ọ̀pù kú. Mo ṣì ń ná ṣájà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún.

"Bùrọ́dá Yanjú, ẹ má bínú." Sístà Morọ́lá ni, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. "Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mò ń pè. Mò ń fọ aṣọ ọmọdé kan. Mi ò mọ ti ta ni."

Iye tó ní kí n san ni mo san, n kò gba ṣéńjì. Láti ìgbà tí mo ti jáde Pólì n kò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi ṣájà náà sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, tí iná lápútọ́ọ̀pù tàn, tí púrógíráàmù náà sọjí, mo pè é padà.

"Sístà, aṣọ ta ni?"

"Aṣọ wo? Ti Ìléríolúwa nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ ń mí bẹ́ẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, n kò pa lápútọ́ọ̀pù yẹn mọ́. Mo ra bátìrì ńlá méjì àti páńẹ́ẹ̀lì olóòrùn. Àwọn ará ilé rò pé mo ti rọ́wọ́ mú. Tí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àyà ni mo ń gbé e kọ́ bí ìyá tó pọnmọ síwájú. Wọ́n ń bi mí pé àwàdà mi dà. Mo ní ó ń bọ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án àràárọ̀, mo ń bu tíì, mo ń ní kí Ìyá Ọkọ kà. Bàtà: a ṣèlérí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n ló dé. Eyín iwájú: a kéde rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi gbogbo tí a ti ń kà á. Nígbà tí mo bá fi máa parí, tíì ti tutù bí omi àmù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń mu ún.

Láàárọ̀ òní, ẹyọ kan péré ni.

Ọmọ, ìlà kejìléláàádọ́fà: a ń wá àyè àbúrò. A kò kéde rẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fa àga mọ́ tábìlì, mo ṣí fáìlì.

"Ẹ̀gbọ́n," Tẹ́júọlá wí, "tíì yín ń tutù o."

Mo ní kó bá mi fi nǹkan dé e.